Garawa Kẹta

Òjò oṣù Kejìlá wọ́ ọ̀nà ààtàn ńlá lọ.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko,
ọkọ̀ akódọ̀tí ò yà sí àdúgbò wa ní Surabaya.
Èèpo dúríànì ẹlẹ́gùn-ún ń rà lẹ́nu ọ̀nà,
ìrẹsì àná ń kan nínú ọ̀rá,
eṣinṣin ń wọlé láìkàgò bí ẹni tó bá wa tan.
Kálukú ń fẹsẹ̀ ti tirẹ̀ síwájú ilé ẹnìkejì.

Ìyá Àgbà Karsinem ò bá ẹnikẹ́ni jà.
Ó gbé garawa ọ̀dà òfìfo mẹ́ta jáde,
ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí wọn nídìí,
ó ní, "Ẹ máa kó o bọ̀.
Ohun tí ẹnu kan kọ̀, ẹnu mìíràn ń wá a."
A rò pé arán ló ń ṣe arúgbó.

Kò pẹ́, ìdin gba garawa.
Kì í ṣe ti eṣinṣin tó ń bà lé ọbẹ̀ o;
eṣinṣin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó jọ agbọ́n,
bó bá ti dàgbà, kì í bá ẹnikẹ́ni du oúnjẹ mọ́.
Bí o bá dẹtí sí garawa lóru, wàá gbọ́ wọn,
wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òjò kékeré lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Darmaji káfíńtà kọ̀wé ẹ̀sùn sí olórí àdúgbò:
òórùn ò jẹ́ kí ìyàwó òun sùn.
Ìyàwó rẹ̀ náà ló ń kó èèpo ẹyin wá fún wa láàárọ̀.

Ìdin jẹ, ó yó, ó sanra;
àrọ̀ inú àgbá gbé e mì;
omi àrọ̀ la ń bù sídìí ẹ̀fọ́ ara ògiri;
ẹ̀fọ́ dénú awo, ìtì rẹ̀ padà sí garawa.
Èyí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ di ilẹ̀dú.
Wiryo oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń rù ú lọ fún àwọn olóko ẹ̀yìn odò.
Ata ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀,
ata tó ń mú ọkùnrin sunkún.

N ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi nílé-iṣẹ́ bàtà,
mo ń dín tófù, ó jó mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo gbé agbada, epo ń hó,
mo dà á sínú garawa kẹta.
N ò ro nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló gbé e.
Ilẹ̀ mọ́: ìdin kú bẹẹrẹ,
funfun bí ìrẹsì tí a sè jù.
Òórùn tí Darmaji ti ń sọ látijọ́
wá di òtítọ́.

A tẹ́ ẹní, a ṣèpàdé. Èmi kọ́, èmi kọ́, ló yí ẹní po.
Galih, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń wo ọrùn-ọwọ́ mi
níbi tí epo ti ta sí.
Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò ó ṣáá.
Èmi náà ló sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà ṣí garawa kìíní,
ó bu ìdin ẹ̀kúnwọ́ kan,
ó dà á sí mi látẹ́lẹwọ́: "Tún un bẹ̀rẹ̀."
Wọ́n ń jà ràpàràpà, wọ́n tutù lójú egbò iná.
Nírọ̀lẹ́, Darmaji gbé àpò lẹ́búlẹ́bú pákó wá,
ó já a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, ó lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí.
Mo ti rí èyí tó kọ̀ ọ́.
Epo àlòkù mi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alọ́ṣẹ báyìí,
orúkọ mi sì wà lára garawa kẹta.
Galih ló fi ọ̀dà pupa kọ ọ́.
Lasmi ni mò ń jẹ́;
ó gbàgbé lẹ́tà kan, a ò tún un ṣe.